Adìyẹ Tí Ó Rìn Ṣáájú Mi

Mo ti gbọ́ ọ tó, n kò sì fẹ́ gbọ́ ọ mọ́, pé nígbà èwe tiwa kò sí ọmọ tí í dá wà. Pé agbo ilé kún, pé ojúlé kan ṣí sí òmíràn, pé igba ojú ní ń wo ọmọ kan. Àwọn ẹgbẹ́ mi ní ń sọ ọ́ níbi ìpàdé, wọn a sì máa mi orí bí ẹni tí ń ka Sáàmù. Irọ́ ni, ẹsẹ̀ ọ̀tún mi sì lè jẹ́rìí sí i. Ọdún tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, mo dùbúlẹ̀ nínú yàrá ẹ̀yìn ilé kan ní Bódìjà, láàárín ìlú tí èrò kún fọ́fọ́, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀ pé mo wà níbẹ̀ àfi ènìyàn méjì àti adìyẹ kan. Nínú gbogbo àwa tí a wọ yàrá náà, adìyẹ yẹn nìkan ni kò purọ́. Mo ka ara mi mọ́ àwọn tí ó purọ́.

Ilé náà jẹ́ ti Màmá Bódìjà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin. Iṣẹ́ ìjọba ti gbé bàbá àti ìyá mi lọ sí Kàdúná, wọ́n sì fi mí sílẹ̀ lọ́dọ̀ Màmá kí ẹ̀kọ́ mi má baà dàrú. Ọ̀gá ilé-ìwé ni Màmá kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ọkọ wọn ti kú, wọn kò bímọ, ilé wọn sì dákẹ́ débi pé ìdákẹ́jẹ́ náà gan-an ń dún létí ẹni. Ní ìdájí, ẹ̀rọ tí ń la pákó lọ́jà ni a kọ́kọ́ máa ń gbọ́, yóò máa ké lọ sókè bí ẹni tí inú ń run. Lẹ́yìn náà ni ọwọ̀ Màmá yóò bẹ̀rẹ̀, ṣà, ṣà, ṣà, láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí igi gúáfà. Lẹ́yìn náà ni agogo àdúrà, agogo ilé-ìwé wọn àtijọ́ tí wọ́n gbé wálé. Wọn a mì ín kíkankíkan bí ẹni tí ń pe igba ọmọ wọ kíláàsì, bẹ́ẹ̀ èmi nìkan ni wọ́n ń pè, èmi náà yóò sì ti kúnlẹ̀ sí iwájú wọn. Ọdún tí mílíìkì wọ́n nìyẹn, tí ṣúgà di ohun tí à ń fi kọ́kọ́rọ́ tì. Nígbà tí mo lá nínú rẹ̀ tí mo sì ní n kò lá a, Màmá mú mi kọ ọ̀rọ̀ kan nígbà àádọ́ta sínú ìwé mi: bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Bí a bá ń jẹ ẹ̀bà lálẹ́, wọn a bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà láìwo ojú mi, èmi a sì parí rẹ̀ kí n tó lè bu òkèlè kejì.

Omi ni ó fa gbogbo rẹ̀. Omi ẹ̀rọ kì í yọ bí ó ti yẹ ní àdúgbò wa, gbogbo ilé ni ó ní táńkì lórí òpó irin gíga. Ìsinmi gígùn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó jẹ́ òwúrọ̀ Sátidé, Màmá sì fẹ́ fọ aṣọ.

"Yéwándé, gùn ún wò bóyá omi ṣì kù níbẹ̀."

"Màmá, irin rẹ̀ ń yọ̀."

"Ṣé èmi arúgbó ni kí n gùn ún?"

Mo gùn ún. Mo rí omi, kò ju ìwọ̀n garawa méjì lọ. Mo yíjú láti kígbe rẹ̀ sísàlẹ̀, ẹsẹ̀ mi yọ̀, mo sì tẹ̀ lé igbe mi délẹ̀. Etí ni mo fi mọ̀ ọ́n kí n tó fi ara mọ̀ ọ́n: ìró kan báyìí, bí ìgbà tí a bá ṣẹ́ igi ìdáná gbígbẹ lórí orúnkún. Ojúgun ọ̀tún mi ti kán. Màmá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú ẹrọ̀fọ̀, wọ́n ń sọ pé, "Èmi ni mo ní kó gùn ún, èmi ni mo ní kó gùn ún," n kò sì tíì gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu wọn rí.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n gbé mi gba ẹ̀gbẹ́ bẹ́ǹṣì gígùn níbi tí àwọn aláìsàn ń retí dókítà eegun. Mo ṣì rí wọn: bíríkìlà tí kò lè nà ró mọ́ nítorí ẹ̀yìn ríro, ìyá àgbà tí orúnkún rẹ̀ wú bí àgbọn, télọ̀ kan tí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kò jẹ́ kó lè di àlùmọ́gàjí mú. Wọ́n ti wà níbẹ̀ láti ìdájí. Wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nípa ìrora wọn bí àgbẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀ nípa òjò, nítorí pé kò sí ẹlòmíràn tí yóò bá wọn sọ ọ́. Nígbà tí dókítà dé ọ̀dọ̀ mi, ó gbé àwòrán egungun mi sókè sí ojú fèrèsé, ó sì bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí mi ní Gẹ̀ẹ́sì àwọn oníṣègùn, èyí tí Màmá, pẹ̀lú gbogbo ọdún tí wọ́n fi kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì, kò rí orí tàbí ìdí rẹ̀. Ó kọ nǹkan sínú káàdì. Ó kọjá lọ. Nọ́ọ̀sì ní kí a dúró de ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n fi ń mọ pi-o-pi yí egungun tí ó kán ká, ó ní ó ti tán, ó ń bọ̀. Wọ́n fi pákó méjì gbá ẹsẹ̀ mi mú. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n ti obìnrin tí ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì tí ó kọjú sí tèmi jáde. Nígbà tí wọ́n tì í padà, aṣọ ìbora rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ níbi tí ó yẹ kí ẹsẹ̀ kan wà. Màmá wò ó. Wọ́n wo ẹsẹ̀ mi. Wọ́n dìde, wọ́n sì lọ bá dókítà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo rí wọn láti orí ibùsùn mi.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fẹ́ ṣe sí ẹsẹ̀ ọmọ mi?"

Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi dá wọn lóhùn, láìdúró: wọ́n ń bójú tó o. Ìyẹn nìkan. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Màmá fọwọ́ sí ìwé pé àwọn ni wọ́n fẹ́ gbé mi lọ, a sì wọ takisí lọ sílé.

Ẹ má ṣe sọ fún mi pé àìmọ̀wé ni. Mo ti gbọ́ ìyẹn náà lẹ́nu àwọn ọ̀mọ̀wé, inú sì ń bí mi sí i lọ́dọọdún. Ọ̀gá ilé-ìwé ni obìnrin tí mo ń sọ yìí. Ó ti kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó, ó ti kọ́ wọn ní ẹ̀yà ara. Ohun tí ó lé e jáde ni pé ẹni tí ó rí inú egungun mi kò rí i bí ènìyàn tí ó yẹ kí a dá lóhùn. Gbólóhùn kan péré ì bá dá a dúró: a kò ní gé e. Dókítà ní gbólóhùn náà lápò, ọ̀fẹ́ ni, kò sì ná an. Ọmọ Ìbàdàn ni, kì í ṣe àjèjì. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ Yorùbá rẹ̀, ó dùn ju tèmi lọ.

Ẹni tí ń ta ẹ̀kọ fún Màmá ni ó júwe Bàbá Mọníyà fún wọn, teguntegun, ẹni tí ń to egungun tí ó kán. Géètì ẹ̀yìn ni Bàbá gbà wọlé, nítorí pé olùkọ́ yunifásítì àti lọ́yà ni ó yí wa ká, Màmá kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i pé wọ́n pe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Arúgbó tín-ín-rín kan ni, ọwọ́ rẹ̀ gbòòrò ju ara rẹ̀ lọ. Ó bi mí ní orúkọ mi. N kò ní gbàgbé rẹ̀: òun ni ẹni àkọ́kọ́ láàárín gbogbo àwọn tí ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ náà tí ó bi mí ní orúkọ mi. Ó fi omi gbígbóná àti òrí ra ojúgun mi, ó fà á, mo ké, ó sì fi àwọn ọpá tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi okùn hun bí ẹní dì í yíká. Lẹ́yìn náà ni ó ní kí Màmá mú adìyẹ tí òun ní kí wọ́n rà wá. Adìyẹ pupa ni, ọrùn rẹ̀ dúdú. Bàbá gbé e lé itan bí ọmọ ọwọ́, ó fi àtàǹpàkò wá ojúgun ọ̀tún rẹ̀, ó sì ṣẹ́ ẹ. Mo tún gbọ́ ìró yẹn: ìró kan náà, ó kàn kéré ni.

"Ìyàwó mi, má sunkún fún un. Alábàárìn rẹ nìyí. Òrí tí mo bá fi ra ẹsẹ̀ tìẹ ni n ó fi ra tirẹ̀. Ọjọ́ tó bá dìde tó fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ rìn, ọjọ́ náà ni n ó tú ìwọ náà sílẹ̀."

"Bí kò bá rìn ńkọ́, Bàbá?"

"Ẹ gbẹ́nu ọmọ ọ̀gá ilé-ìwé! Yóò rìn. Ṣé o ti rí adìyẹ tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sọ́jà rí ni?"

Mo rẹ́rìn-ín nínú omijé. Màmá yíjú sí ògiri, ṣùgbọ́n mo rí èjìká wọn tí ó mì.

Báyìí ni a ṣe di ẹni ìpamọ́, èmi àti adìyẹ. Màmá sọ fún gbogbo àdúgbò pé mo ti lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ àwọn òbí mi ní Kàdúná; sí àwọn òbí mi, wọ́n kọ̀wé pé mo ṣubú díẹ̀, ara mi sì ti ń yá. Fèrèsé yàrá ẹ̀yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri ilé Ṣadé, ọ̀rẹ́ mi. Ní ìrọ̀lẹ́, mo máa ń gbọ́ òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ tí wọ́n ń ta tẹ́ń-tẹ́ń, eré tí ọmọbìnrin méjì ń pàtẹ́wọ́ tí wọ́n sì ń ju ẹsẹ̀ síwájú lẹ́ẹ̀kan náà. Mo mọ ẹsẹ̀ Ṣadé nínú gbogbo wọn, ó máa ń tẹlẹ̀ gbì. Wọ́n jẹ́ mẹ́ta. Ẹnìkan ni yóò máa dúró wo àwọn méjì. Èmi ni ì bá ṣe ẹnì kẹrin. Mo máa ń pàtẹ́wọ́ láìdún, mo sì máa ń ju ẹsẹ̀ òsì lábẹ́ aṣọ ìbora. Ní ọ̀sán kan, ó wá kan ilẹ̀kùn iwájú.

"Ẹ káàsán mà. Ṣé Yéwándé ti dé?"

"Kò tíì dé. Ó ṣì wà ní Kàdúná."

"Ó ṣèlérí ẹran kílíṣí fún mi, mà. Ó ní tó bá lọ sọ́hùn-ún, òun á mú un bọ̀."

"Yóò mú un bọ̀."

Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo fi ọwọ́ di ẹnu adìyẹ kó má baà ké, àyà rẹ̀ ń lù kìkì lábẹ́ apá mi, tèmi náà sì ń lù. Àwọn tí ń kọ orin ìyìn fún ìgbà àtijọ́, ẹ wá sọ fún mi ibi tí igba ojú yẹn wà ní ọ̀sán ọjọ́ náà.

N kò mọ bí àwọn mìíràn ti ń mọ adìyẹ. Èmi mọ tèmi bí a ti ń mọ ẹni tí a jọ ń ṣẹ̀wọ̀n. Inú àgò lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí mi ni ó ń sùn. Àgbàdo fífọ́ láti àtẹ́lẹwọ́ mi nìkan ni ó ń jẹ. Bí Màmá bá dà á sílẹ̀ fún un, yóò wò ó, yóò sì wò mí. Bí ẹ̀rọ pákó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké ní ìdájí, yóò yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tí ó gbọ́ orúkọ ẹni tí ó mọ̀. Ìka àárín ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò ní èékánná. Mo ń bá a sọ̀rọ̀, mo ní kó má yára, mo ní kó yára. Ní ọjọ́ kẹtàlá, kò jẹun lọ́wọ́ mi. Ẹsẹ̀ tí a dì ti wú kọjá okùn, ó sì ń rùn. Mo pe Màmá.

"Ara rẹ̀ gbóná, Màmá."

Wọ́n gbé e lọ, wọ́n ní kí oòrùn ra á. Gbogbo ọjọ́ náà ni àgò òfìfo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ní ìrọ̀lẹ́, Màmá gbé adìyẹ wọlé, adìyẹ pupa ọlọ́rùn dúdú, pẹ̀lú okùn àti ọpá Bàbá Mọníyà ní ojúgun ọ̀tún. Wọ́n gbé e kalẹ̀. Ó na ọrùn, ó ń fi ẹsẹ̀ dídì náà tẹlẹ̀ kó, kó, kó yí àgò ká, ó sì ṣa gbogbo àgbàdo ilẹ̀ jẹ láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Èékánná rẹ̀ pé.

"Ṣé o rí i? Ara rẹ̀ ti yá."

Màmá kò wo ojú mi. Bàtà tí wọ́n máa ń wọ lọ sọ́jà ṣì wà lẹ́sẹ̀ wọn. Obìnrin tí ó mú mi kọ òtítọ́ nígbà àádọ́ta dúró síbẹ̀, ó ń retí kí n dáhùn.

"Ẹ ṣé, Màmá," ni mo wí.

Kí ló dé tí n kò sọ̀rọ̀? Mo ti bi ara mi ní ìbéèrè yìí gẹ́gẹ́ bí agbẹjọ́rò, n kò sì gba àwíjàre kankan lọ́wọ́ ara mi. Àánú wọn ṣe mí, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n tẹ́ń-tẹ́ń tí mo ń gbọ́ lẹ́yìn ògiri ni ó borí. Adìyẹ ti rìn. Wọ́n máa tú mi. Láti ìrọ̀lẹ́ yẹn, àwa méjèèjì ń gbé ohun kan náà nínú ilé kan náà, oníkálùkù ń dá tirẹ̀ gbé. Àwọn àgbà ní adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. N kò mọ ẹni tí ó jẹ́ okùn nínú wa.

Bàbá Mọníyà dé ní ọjọ́ kẹrìndínlógún. Ó wo adìyẹ tí ń sáré kiri, kò sì yọ̀ bí mo ti rò pé yóò yọ̀. Ó fi ọwọ́ tẹ ojúgun mi láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Ó yá jù. Ti àtẹ̀yìnwá kì í yá báyìí. Màmá, ṣé adìyẹ yìí dá yín lójú?"

"Àbí ẹ ò rí i ni? Ẹ̀yin lẹ sọ pé tó bá ti rìn."

"Èmi ni mo sọ ọ́," ni Bàbá wí jẹ́ẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ti sọ òtítọ́ fún un, ṣùgbọ́n òfin rẹ̀ dè é ju bí ó ti de ẹsẹ̀ mi lọ. Ìbínú mi sí i nìyí, mo sì dá a sọ́tọ̀ kúrò lára ìbínú mi sí dókítà: ó ní ọwọ́ tí ó mọ̀, ó ní ẹnu tí ó tuni lára, ó sì jẹ́ kí ojúgun adìyẹ pàṣẹ fún ọwọ́ náà. Ó tú mi. Mo dìde.

"Ṣé ó dùn ẹ́, ìyàwó mi?"

"Kò dùn mí."

Ó dùn mí dé eyín.

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ojúgun mi ti tẹ̀ bí ọ̀pá tí ẹnìkan fi ara tì nígbà tí ó ṣì tutù. Mo ń fi ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rìn, inú ilé náà ni mo sì ń rìn ín, nítorí pé Màmá kò lè ṣàlàyé irú ẹsẹ̀ tí ó ti Kàdúná dé. Ní òwúrọ̀ kan, wọ́n fi gèlè wé orí, wọ́n pe takisí, a sì padà sọ́dọ̀ dókítà kan náà, pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì bi Màmá pé ìgbà wo ni a tú ẹsẹ̀ yìí sílẹ̀. Màmá, tí í fi Gẹ̀ẹ́sì kí álúfàá, fi Yorùbá dá a lóhùn.

"Nígbà tí adìyẹ rìn."

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bú sẹ́rìn-ín. Dókítà náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Màmá dúró títí ẹ̀rín náà fi tán, bí wọ́n ti ń dúró de kíláàsì aláriwo.

"Adìyẹ àkọ́kọ́ kú. Èmi ni mo lọ ra òmíràn, mo sì di ẹsẹ̀ rẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ọmọ náà rí i pé ó kú. Ọmọ náà ò mọ̀."

"Mo mọ̀, Màmá."

Wọ́n yíjú sí mi. Dókítà jókòó sí eteetí ibùsùn, mo rò pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ó jókòó ti aláìsàn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Yorùbá: pé egungun ọmọdé máa ń tètè so pọ̀, pé pi-o-pi àti sùúrù ni ó kù fún un nígbà yẹn.

"A ò ní in lọ́kàn rárá láti gé e, mà. Ẹ ò bi wá ni."

"Mo bi yín. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn. Ẹ ní ẹ ń bójú tó o."

Dókítà tún fọwọ́ kan ojúgun mi. Ó ní, "A óò tún un ṣẹ́, mà, kí a tó lè tò ó dáadáa. A ó fi oorun gbé e lọ kó má baà mọ̀." Ìró kẹta nìyẹn nínú ọdún náà, òun nìkan ni n kò gbọ́. Wọ́n ṣe é dé ibi tí wọ́n lè ṣe é dé. Ẹsẹ̀ náà tọ́, ṣùgbọ́n ó kúrú sí èkejì rẹ̀ títí di òní.

Nígbà tí a ń bọ̀ wálé, tí pi-o-pi gbà mí láti itan dé ọmọ ìka, tí mo fi ọ̀pá méjì há abẹ́ abíyá, Màmá bi mí bí takisí ti yà sí àdúgbò wa.

"Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Ọjọ́ yẹn gan-an, Màmá. Èékánná rẹ̀ pé."

Wọ́n ń wo ìta. "Mi ò jẹ ẹ́ o," ni wọ́n wí. "Mo sin ín. Ìdí gúáfà ló wà." Obìnrin tí kì í jẹ́ kí ìsàlẹ̀ ìkòkò ṣòfò.

Géètì iwájú ni a gbà wọlé. Màmá mú mi lọ sí ìdí gúáfà, òkúta mẹ́ta wà níbẹ̀, a sì dúró. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ké sókè ògiri pẹ̀lú ohùn tí wọ́n fi ń pe ọmọ wọ kíláàsì.

"Ṣadé! Wá kí ọ̀rẹ́ rẹ. Kò lọ sí Kàdúná kankan."

Ó sáré dé, ó sì dúró nígbà tí ó rí ẹsẹ̀ mi.

"Níbo lo wá wà látìgbà yìí?"

Mo fi ọ̀pá kan tọ́ka sí fèrèsé yàrá ẹ̀yìn. Ó wo fèrèsé náà, ó wo ògiri ilé wọn, ó tún wo fèrèsé náà. Kò bèèrè kílíṣí lọ́wọ́ mi.